Títẹ̀, Lílẹ̀pọ̀ àti Gbígbẹ́: Àfiwé Iṣẹ́ Àga Onígi Mẹ́rin

Ìfáárà

Bí a bá to àga onígi mẹ́rin kan lọ́wọ̀ọ́wọ́, èyí tí Michael Thonet gbé jáde ní Vienna ní 1859, èyí tí Alvar Aalto ṣe ní Fínlándì ní 1932, èyí tí Charles àti Ray Eames ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1945, àti èyí tí Hans Wegner ya àwòrán rẹ̀ ní Dẹ́nmáàkì ní 1949, ohun kan náà ni ojú yóò kọ́kọ́ rí lára gbogbo wọn. Igi wọn kò dúró gbọnrangandan bí ó ti wà nínú igbó. Ó ti tẹ̀, ó sì ti gba ìrísí ẹ̀yìn àti itan ẹni tí yóò jókòó sórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá bi léèrè lè dáhùn pé igi títẹ̀ ni a fi ṣe àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìdáhùn náà bá ohun tí ojú rí mu, ṣùgbọ́n kò bá ohun tí ọwọ́ ṣe mu. Ọ̀nà tí igi gbà tẹ̀ nínú ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì, nítorí náà agbára wọn yàtọ̀, owó wọn yàtọ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bàjẹ́ sì yàtọ̀.

Ìṣòro yìí kan èdè gan-an. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, tẹ̀, ni ó sábà máa ń wá sẹ́nu Yorùbá fún gbogbo rẹ̀. A lè sọ pé ọ̀nà tẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti fi agbára mú un. A lè sọ pé ọmọdé tẹ ọ̀pá, níbi tí agbára ti wà. A sì tún lè sọ pé ẹnì kan tẹ ejò mọ́lẹ̀, níbi tí kò ti sí ọ̀rọ̀ pé ohunkóhun wọ́, bí kò ṣe pé a fi ìwúwo fún un. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò ṣe ìpalára. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí a ó fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ igi, ọ̀rọ̀ kan tí ó bá dúró fún iṣẹ́ mẹ́ta lè mú kí ẹni tí ó kà á fi ayùn rẹ́ igi níbi tí ó yẹ kí ó ti fi ooru rọ̀ ọ́, kí àga náà sì kán mọ́ ẹni tí ó jókòó lé e nídìí.

Bí inú igi ti rí

Kí a tó lè ya àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí sọ́tọ̀, ó yẹ kí á mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú igi. Igi kò rí bakan náà ní gbogbo ọ̀nà bí irin tàbí amọ̀. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n dúró ní gbọọrọ láti ìdí dé orí, bí ọwọ̀ tí a dì. Ohun kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lígínìn ni ó so àwọn fọ́nrán náà mọ́ ara wọn. Ìdí nìyí tí igi ìdáná fi ń là wọ́ọ́rọ́wọ́ bí a bá la àáké mọ́ ọn láti orí, tí ó sì ń gba agbára púpọ̀ bí a bá fẹ́ gé e ní ìdábùú.

Nígbà tí a bá tẹ igi, fọ́nrán tí ó wà ní ẹ̀yìn ibi tí ó tẹ̀ ni a ń nà. Èyí tí ó wà ní inú ibi tí ó tẹ̀ ni a ń fún pọ̀. Bí igi náà bá tútù, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jù, yóò padà sí ipò rẹ̀ bí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọdẹ tí ó fi igi tútù dẹ okùn mọ èyí dáadáa: bí igi náà kò bá ní padà, okùn kò ní mú ẹran. Ṣùgbọ́n ohun tí ọdẹ ń fẹ́ ni oníṣẹ́ àga kò fẹ́. Òun ń wá títẹ̀ tí kò ní padà mọ́.

Ooru àti omi ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí igi bá wà nínú ooru omi tí ń hó fún ìgbà díẹ̀, lígínìn inú rẹ̀ yóò rọ̀, fọ́nrán yóò sì lè yẹ̀ lára ara wọn. Síbẹ̀, rírọ̀ náà kò dọ́gba ní ọ̀nà méjèèjì. Igi tí a ti rọ̀ dáadáa ṣeé fún pọ̀ títí gígùn rẹ̀ yóò fi dín ní ìdá 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n bí a bá nà án ju ìdá 1 tàbí 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, yóò ya. Nínú òtítọ́ kékeré yìí ni àṣírí àga àkọ́kọ́ wà.

Thonet: igi odidi tí ooru tẹ̀

Ní 1796 ni a bí Michael Thonet ní Boppard, lẹ́bàá odò Rhine. Ní àwọn ọdún 1830, ó ń la igi sí ọ̀já fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń se é nínú àtè, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ kí ó tó gbẹ. Ní 1842, Metternich, tí í ṣe olóyè ńlá nínú ìjọba Ọ́stríà, pè é wá sí Vienna. Ṣùgbọ́n awọ àti egungun ẹran ni wọ́n fi ń se àtè ìgbà náà, ọ̀rinrin sì máa ń rọ̀ ọ́. Àga tí a fi irú àtè bẹ́ẹ̀ ṣe kò ṣeé fi ọkàn tán bí a bá kó o la òkun lọ sí ilẹ̀ olóoru. Thonet wá ọ̀nà tí yóò fi tẹ igi odidi láìlo àtè, ìjọba sì fún iléeṣẹ́ òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ àdáni lórí ọ̀nà náà ní 1856.

Ọ̀nà náà rọrùn láti ṣàlàyé. Wọn a la igi beech sí ọ̀pá, wọn a yí i lórí ẹ̀rọ kí ó lè ṣe róbótó, wọn a sì fi sínú ooru omi híhó títí yóò fi rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn a de ọ̀já irin pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí yóò di ẹ̀yìn ibi tí ó tẹ̀, wọn a sì dì í mú ṣinṣin ní orí méjèèjì. Nígbà tí wọ́n bá tẹ ọ̀pá náà mọ́ ara àwòṣe onírin, ọ̀já irin kò jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Nítorí náà gbogbo fọ́nrán ni ó di dandan kí ó fún pọ̀, igi sì gba fífún ju nínà lọ. Wọn a fi í sílẹ̀ lórí àwòṣe nínú iyàrá gbígbóná títí yóò fi gbẹ, lígínìn yóò sì tún le padà ní ipò tuntun.

Àga tí a mọ̀ sí Nọ́ńbà 14 jáde ní 1859. Igi mẹ́fà, sukúrúù mẹ́wàá àti nọ́ọ̀tù méjì ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀pá gígùn kan ṣoṣo ni ó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì àti ìfẹ̀yìntì. Pankẹ́rẹ́ tí a là wẹ́wẹ́ tí a sì hun ni wọ́n fi ṣe ìjókòó rẹ̀. Àga 36 tí a tú palẹ̀ wọ inú àpótí kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Iléeṣẹ́ náà wà ní Koryčany, ní Moravia, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì lónìí, nítorí pé igbó igi beech wà níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ àdáni náà parí ní 1869, àwọn iléeṣẹ́ mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀. Títí di 1930, nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 irú àga yìí ni a ti ṣe.

Aalto: pákó fẹ́lẹ́ tí a lẹ̀ pọ̀

Alvar Aalto (1898–1976) jẹ́ ayàwòrán-ilé. Òun ni ó ya àwòrán ilé ìwòsàn fún àwọn tí ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ní Paimio, ní Fínlándì, ilé náà sì parí ní 1933. Òun àti Aino, aya rẹ̀, ni wọ́n jọ ṣe ètò ohun èlò inú rẹ̀. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ ayàwòrán-ilé ní Yúróòpù fẹ́ràn àga tí a fi ọ̀pá irin oníhò ṣe. Aalto rí i pé irin a máa tutù lára aláìsàn, ó sì padà sórí igi. Otto Korhonen, ẹni tí ó ni iléeṣẹ́ igi ní Turku, ni ó bá a ṣe ìdánwò náà.

Igi birch pọ̀ ní Fínlándì. Dípò kí ó rọ igi odidi, Aalto to ọ̀já igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ara wọn pẹ̀lú àtè, ó sì tẹ gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀já fẹ́lẹ́ kan kò le láti tẹ̀. Nígbà tí àtè kò tí ì gbẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yẹ̀ lórí èkejì; nígbà tí àtè bá gbẹ, kò sí èyí tí ó tún lè yẹ̀ mọ́, gbogbo wọn sì di ara kan. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ṣe apá àti ẹsẹ̀ àga náà, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ òrùka kan tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí òpin.

Ìjókòó rẹ̀ yàtọ̀ sí apá rẹ̀. Pákó kan ṣoṣo tí ó tẹ̀ láti ìfẹ̀yìntì dé ìjókòó, tí a ká ní òkè àti ní ìsàlẹ̀, ni. Kíká náà ń jẹ́ kí pákó náà mì díẹ̀ bí ènìyàn bá rọ̀gbọ̀kú sí i. Igun tí ìfẹ̀yìntì fi dá sẹ́yìn jẹ́ èyí tí a gbà pé yóò mú kí aláìsàn lè mí dáadáa.

Ibí ni ó yẹ kí onímọ̀ èdè ti dúró wò. Nínú apá àga, fọ́nrán gbogbo ọ̀já kọjú sí ọ̀nà kan náà, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni ìwúwo ń gbà. Nínú pákó ìjókòó, fọ́nrán ìpele kan dábùú fọ́nrán ìpele tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá fẹ́ là ní gbọọrọ, èyí tí ó dábùú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ó là. Nǹkan méjì ni wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lílẹ̀pọ̀ ni méjèèjì. A lè pe ti àkọ́kọ́ ní ìlẹ̀gbọọrọ, kí á sì pe èkejì ní ìlẹ̀dábùú.

Eames: pákó tí ó tẹ̀ bí igbá

Bí a bá ká ìwé, yóò ká láìṣòro. Bí a bá fẹ́ fi ìwé kan náà ṣe ìrísí inú igbá, yóò hunjọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín títẹ̀ ojú kan àti títẹ̀ ojú méjì nìyí. Àga Aalto tẹ̀ ní ojú kan. Charles Eames (1907–1978) àti Ray Eames (1912–1988) fẹ́ kí pákó tẹ̀ ní ojú méjì, kí ó lè gba ìdí àti ẹ̀yìn ènìyàn láìsí tìmùtìmù.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó fún wọn ní àyè láti kọ́ iṣẹ́ náà dé ojú àmì. Láti 1942, wọ́n ń fi pákó ìlẹ̀dábùú ṣe ohun ìdì-ẹsẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tí ẹsẹ̀ wọ́n kán. Gbogbo teguntegun mọ̀ pé pákó tí a fi di ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹsẹ̀ mu. Níbi tí pákó bá ti fẹ́ hunjọ, wọ́n gé àlàfo sí i kí ó má baà ya. Ó lé ní 150,000 irú ohun ìdì-ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣe kí ogun tó parí. Àtè tí wọ́n lò kì í ṣe ti egungun ẹran mọ́. Oje tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ṣe ni, tí ooru àti fífún ń mú le, tí ọ̀rinrin kò sì lè tètè rọ̀.

Nígbà tí wọ́n padà sórí àga, wọ́n rí i pé bí ìjókòó àti ìfẹ̀yìntì bá jẹ́ pákó kan ṣoṣo, ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ó máa ń ya. Wọ́n pín in sí méjì. Àga tí a mọ̀ sí LCW ní pákó ìjókòó, pákó ìfẹ̀yìntì, ẹsẹ̀, àti igi ẹ̀yìn tí ó so wọ́n pọ̀; rọ́bà líle ni wọ́n fi sáàárín kí ìfẹ̀yìntì lè mì díẹ̀. Iléeṣẹ́ Herman Miller ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1946. Ní 1952, Arne Jacobsen ti Dẹ́nmáàkì rí ọ̀nà mìíràn: ó fi pákó kan ṣoṣo ṣe ìjókòó àti ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ó dín ìbú pákó náà kù gidigidi níbi tí ó ti tẹ̀, ó sì gbé e lé ẹsẹ̀ irin. Níbi tí Eames ti ya pákó sọ́tọ̀, ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ ni Jacobsen fi yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Wegner: igi tí a rẹ́ tí a sì gbẹ́

Hans Wegner (1914–2007) jẹ́ ọmọ oníbàtà ní Tønder. Ó ti kọ́ṣẹ́ igi láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ kí ó tó di ayàwòrán. Àga rẹ̀ tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ dà bí lẹ́tà Y jẹ́ iṣẹ́ 1949, iléeṣẹ́ Carl Hansen & Søn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1950. Apá 14 ni ó ní, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí ọ̀kan ṣoṣo kí ó tó parí lé ní 100, okùn tí a fi ìwé lọ́, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 120, ni wọ́n sì ń fi ọwọ́ hun sí ìjókòó rẹ̀.

Àga yìí ni ó fi hàn jù lọ pé ojú lè tan ni jẹ. Igi òkè tí ó yí ẹ̀yìn ẹni ká, tí ó sì tún di apá àga, ooru ni ó tẹ̀ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí ti Thonet. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà tẹ̀ lójú, ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé a lọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́. Láti inú pákó pẹlẹbẹ ni a ti rẹ́ ẹ, tí a sì fá a títí ó fi gba ìrísí náà. Igi ẹsẹ̀ náà kò wọ́ púpọ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ fọ́nrán rẹ̀ ṣì gùn láti òkè dé ilẹ̀. Bí a bá rẹ́ igi òkè rẹ̀ ní ẹyọ kan láti inú pákó bẹ́ẹ̀, ayùn yóò gé fọ́nrán kúkúrú níbi tí ó wọ́ jù lọ, ibẹ̀ ni yóò sì ti kán.

Ní ọdún 1949 kan náà, Wegner ṣe àga mìíràn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí nígbà tí Kennedy àti Nixon jókòó lórí rẹ̀ nínú ìjíròrò wọn lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1960. Igi òkè àga yẹn kò tẹ̀ rárá. Igi mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀, kí fọ́nrán ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kọjú sí ọ̀nà tí ó yẹ ẹ́, kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ sí ìrísí. Oníṣẹ́ kan náà, ọdún kan náà, apá àga kan náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì tí ó yàtọ̀.

Gbígbẹ́ kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Gbẹ́nàgbẹ́nà a máa mú odidi gẹdú, a sì yọ ohun tí kò fẹ́ kúrò títí àpótí ìjókòó tàbí opó yóò fi jáde, láìsí ìṣó àti àtè. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, tí ó kú ní 1938, gbẹ́ ọpọ́n kan láti inú ẹyọ igi kan, ó sì gbẹ́ orí ènìyàn kan sábẹ́ rẹ̀ tí ó lè yí kiri láàárín àwọn ère tí ó gbé ọpọ́n náà ró. Ṣùgbọ́n igi tútù ni gbẹ́nàgbẹ́nà sábà máa ń fẹ́, nítorí pé ó rọ̀ lójú ọ̀bẹ. Igi gbígbẹ ni oníṣẹ́ Wegner ń fẹ́, nítorí pé oríkèé tí a fi igi tútù ṣe yóò tú nígbà tí igi bá súnkì. Ẹni tí kò bá fi àmì ohùn sórí gbígbẹ àti gbígbẹ́ nínú ìwé iṣẹ́ yìí ti ṣi ọmọ iṣẹ́ lọ́nà.

Àfiwé àti àtúnṣe

Bí a bá gbé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí òṣùwọ̀n, títẹ̀ olóoru ni kì í fi igi ṣòfò púpọ̀, nítorí pé ọ̀pá tí ó wọlé ni ó ń jáde. Ó ń fẹ́ igi tí fọ́nrán rẹ̀ gùn tí kò sì ní kókó. Lílẹ̀pọ̀ ń fẹ́ ẹ̀rọ, àwòṣe àti àtè tí ó dára, ṣùgbọ́n ó ń fúnni ní ìrísí tí igi odidi kò lè gbà. Rírẹ́ àti gbígbẹ́ ń fi igi ṣòfò, ó sì ń gba àkókò, ṣùgbọ́n ó ń fúnni ní àyè láti mú ibì kan nípọn kí ibòmíràn sì tẹ́ẹ́rẹ́.

Ìgbà tí àga bá bàjẹ́ ni ìyàtọ̀ wọn ń hàn jù. Bí òrùka àga Thonet bá kán, káfíńtà tí ó rẹ́ òmíràn láti inú pákó yóò rí i pé kò ní pẹ́ kí ó tó kán. Bí ìpele àga Aalto bá ṣí, ìṣó kò lè wò ó sàn. Àtè àti fífún ni oògùn rẹ̀. Bí rọ́bà àga Eames bá gbó, pákó kò ní àrùn kankan. Bí oríkèé àga Wegner bá mì, a ó tú u, a ó fọ àtè àtijọ́ kúrò, a ó sì tún un fi pọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìperí

Láti inú àlàyé tí ó ṣáájú, àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣeé gbé síwájú àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè:

Fọ́nrán igi: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú igi, tí ó ń lọ láti ìdí dé orí.

Títẹ̀ olóoru: fífi ooru omi híhó rọ igi odidi kí a tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòṣe, tí kò sì ní padà mọ́.

Ìlẹ̀gbọọrọ: ọ̀já igi tí a lẹ̀ pọ̀, tí fọ́nrán gbogbo wọn kọjú sí ọ̀nà kan.

Ìlẹ̀dábùú: pákó fẹ́lẹ́ tí a lẹ̀ pọ̀, tí fọ́nrán ìpele kọ̀ọ̀kan dábùú ti èyí tí ó tẹ̀ lé e. Irú rẹ̀ ni pákó tí àwọn káfíńtà ń pè ní pláíwúùdù.

Títẹ̀ ojú méjì: títẹ̀ tí ó dà bí inú igbá, yàtọ̀ sí ti ìwé tí a ká.

Rírẹ́ sí ìrísí: fífi ayùn yọ igi tí ó wọ́ láti inú pákó tí kò wọ́.

Fífún: iṣẹ́ tí a fi ìwúwo tàbí ẹ̀rọ ṣe láti mú ìpele lẹ̀ mọ́ra. Ó sàn kí á lo èyí dípò tẹ̀, kí tẹ̀ lè dúró fún ìrísí nìkan.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ àjèjì. Ẹnu àwọn alágbẹ̀dẹ, ọdẹ, ahunṣọ àti gbẹ́nàgbẹ́nà ni gbòǹgbò wọn ti wá. Ohun tí ó kù ni kí á lo ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀ láìfi ọ̀kan dí àyè èkejì. Àwọn àgbà ní gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Nínú ọ̀rọ̀ àga wọ̀nyí, atúmọ̀ èdè àti olùkọ́ ni gbẹ́nugbẹ́nu. Bí wọ́n bá sọ ọ́ bí ó ti rí, ọmọ iṣẹ́ tí kò dé Vienna tàbí Turku rí yóò mọ igi tí ó yẹ kí ó fi ooru rọ̀, èyí tí ó yẹ kí ó lẹ̀, àti èyí tí ó yẹ kí ó gbẹ́.